Àwọn Oníjó Mẹ́rin Ilé Alhaji Àbúdù

Abdulbasit ni ẹ fura sí. Ẹ má sẹ́, kò sí ẹni tó máa dá yín lẹ́bi. Bí a bá ti ní baba olówó kan kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwòrán pàtàkì kan pòórá lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ọmọ ìyàwó kékeré ló ń gbé inú ilé náà, tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ gbọ́? Gbogbo àdúgbò Pòrògùn ti fura sí i kí ẹ̀yin tó fura. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé wọ́n háyà ọkùnrin kan láti fi làákàyè dé ibi tí gbogbo yín ti fi ìfura dé lọ́fẹ̀ẹ́.

Fẹ́mi Ògúntọ́lá ni orúkọ ọkùnrin náà. Ó ti ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé ọpọlọ òun kò ní bá òun fẹ̀yìn tì. Aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, sitáàṣì inú rẹ̀ sì le débi pé bí ó bá fẹ́ jókòó, aṣọ á kọ́kọ́ dún kí òun tó kí ènìyàn. Ó so awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá mọ́ ọrùn. N kò gbọ́ pé ó fi rí nǹkan kan rí, ṣùgbọ́n ó ń nù ún dáadáa.

Hafeezah ló pè é. Hafeezah ni àkọ́bí Alhaji Àbúdù, ìyàwó àgbà tó ti kú ló bí i. Èkó ló ń gbé. Ó mú oníbàárà kan wá láti Èkó kí ó wá wo àwòrán náà, ìṣó lásán ni wọ́n bá lára ògiri.

Kí n sọ bí àwòrán ọ̀hún ti rí. Nígbà kan, òtẹ́ẹ̀lì kan wà lójú ọ̀nà Ijagun tí àwọn obìnrin ti ń jó lórí pèpéle lálẹ́ Sátidé, ijó tí wọ́n ń pè ní kábárè, ìyẹ́ lórí, ẹsẹ̀ lókè. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Ṣàngóbíyì ya mẹ́rin nínú wọn. Kò fa ìlà kankan. Ẹ̀kán ọ̀dà ló ń tò, èyí pupa, èyí búlúù, èyí òféefèé, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tí èéyí bo. Bí o bá sún mọ́ ọn, o ò ní rí nǹkan kan ju tótòtó lọ. Bí o bá sún sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin mẹ́rin á yọ sí ọ, wọ́n á gbé itan sókè, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Àwòrán náà kò tóbi, kò ju fèrèsé ilé ìwẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Alhaji Àbúdù kì í jẹ́ kí àlejò mu omi nílé rẹ̀ kó tó fà á lọ́wọ́ sún sẹ́yìn láti ibi àwòrán náà dé ẹnu ọ̀nà. Ojú àlejò á là, inú Alhaji á dùn, bí ẹni pé òun gan-an ló bí wọn.

*

Ògúntọ́lá dúró níwájú ìṣó náà, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀yìn òun fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó yọ àwòrán náà.

Abdulbasit dáhùn. Ó ti lé lógójì ọdún, ó ń ta táìlì ní Ìbàdàn Gáréèjì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ kó tó gé táìlì.

"Mo ké sínú ilé pé kí wọ́n yọ ọ́ kí àwọn ááfà tó dé fún fidáù ọjọ́ kẹjọ Alhaji. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, sà. Ẹ ò lè ní kí ááfà jókòó sábẹ́ itan obìnrin mẹ́rin kó máa ka Yásín. Nígbà tí màá fi ti ọ̀dọ̀ àwọn alásè dé, ó ti kúrò níbẹ̀. Mo rò pé Àǹtí Hafeezah ló gbé e."

"Èmi rò pé ìwọ ni," ni Hafeezah wí.

"Ẹ ò sì bi ara yín?"

 Láti ìgbà tí baba wọn ti kú, ìkíni òwúrọ̀ nìkan ló ń kọjá láàárín àwọn méjèèjì, ìyẹn náà sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí wọn ì bá bi: Alhaja Ràmọ́tà, ìyàwó kékeré Alhaji, ìyá Abdulbasit. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ fidáù náà gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá náà. Apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ kò yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń gba oúnjẹ. Fatihah, ìyàwó Abdulbasit, á ro ògì, Abdulbasit á jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, á máa fi ṣíbí bù ú sí Màmá lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, á máa sọ fún un nípa oníbàárà tó bú òun lọ́jà lọ́jọ́ náà. Bí ẹlòmíràn bá mú ṣíbí, Màmá á pa ẹnu dé. Wọ́n ti dán an wò. Dókítà ní bí kò bá ti jẹun, kò sí oògùn tó lè dá a dúró.

Ògúntọ́lá tú ilé náà. Ó tú àjà, ó tú sítọ̀, ó tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbogbo, títí kan ti Màmá. Ibẹ̀ ló ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, eruku ilẹ̀ sì mú orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Mo rò pé láti ìgbà náà ni kò ti fojú ire wo ilé yẹn mọ́.

*

Fọ́tò àwòrán náà wà nínú fóònù Hafeezah. Ògúntọ́lá gbà á, ó fẹ̀ ẹ́ títí, kò rí nǹkan kan ju ẹ̀kán ọ̀dà lọ. Ó wá gbé fóònù náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí gọ́tà ni àwọn oníjó yọ sí i.

Ọkọ̀ Hafeezah ni mọ́tò náà, Hafeezah nìkan ló sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. "Mo ti rí ibi tí gbogbo yín ti ń ṣìnà. Ẹ ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù. Ẹ jẹ́ kí n sún sẹ́yìn."

Ó sún sẹ́yìn dé Ibefun. Ìyá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Morádéyọ̀, ọ̀kan nínú àwọn oníjó mẹ́rin náà, òun nìkan ló ṣì lè sọ̀rọ̀ lára wọn. Ó bá a níwájú ilé níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ìyá náà fi Ìjẹ̀bú gidi kí i káàbọ̀, Ògúntọ́lá fi Yorùbá ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ dá a lóhùn, bí ẹni pé Èkó ni wọ́n ti bí i, bẹ́ẹ̀ ilé baba rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ ju ìrìn ọ̀kadà díẹ̀ lọ. Ìyá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì fi Yorùbá ẹlẹ́ṣọ̀ọ́ ṣe é lálejò.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà fi fóònù hàn án. Ó bi í bóyá òun ló ní kí wọ́n jí i, nítorí pé wọ́n ya ìhòòhò rẹ̀ síbẹ̀.

"Èmi rè é, ìkejì láti ọwọ́ òsì," ni Morádéyọ̀ wí. Ó fa ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. "Ẹ wo itan tó wà nínú fóònù yín. Ẹ wá wo èyí tó kù báyìí. Ṣé irú ẹ̀ lẹ rò pé màá jí, kí n gbé e kọ́ síwájú ara mi, kí n máa wò ó kí n máa sunkún?"

"Ta lẹni tó wà ní ìparí?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ràmọ́ ni. Òun ló mọ̀ ọ́n jó jù nínú wa. Alhaji Àbúdù ò mu ọtí, ṣùgbọ́n kì í pa Sátidé kankan jẹ. Nígbà tó fẹ́ Ràmọ́ tán, ó lọ ra àwòrán náà lọ́wọ́ Ṣàngóbíyì, kí ọkùnrin mìíràn má baà gbé ìyàwó òun kọ́ sí pálọ̀."

"Ta ló mọ̀?"

"Ta ni ò mọ̀? Àwọn tó mọ̀ ló ti kú." Ó da èèpo ẹ̀gúsí nù lára aṣọ. "Ràmọ́ fẹ́ràn àwòrán yẹn o. Ó ní bí òun bá wò ó, orúnkún kì í dun òun."

Ṣùgbọ́n Ògúntọ́lá ti dìde. Ó ti rí ohun tó wá, ó sì ti ń to ẹ̀kán ọ̀dà tirẹ̀. Alhaja tó ti lọ sí Mẹ́kà ti jó ní òtẹ́ẹ̀lì rí. Ọmọ rẹ̀ ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, fẹ́ fi ṣe olórí kí Ojúde Ọba tó ń bọ̀ tó dé. Ọmọ náà ló ní kí wọ́n yọ àwòrán. Ọwọ́ ọmọ náà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó sún sẹ́yìn nínú ọkàn rẹ̀, ojú Abdulbasit sì yọ sí i kedere.

Kò kí Morádéyọ̀ pé ó dàbọ̀.

*

Ó ku ẹ̀rí kan. Ó wọ yàrá Màmá lọ láti wá a.

Yàrá opó ni: bẹ́ẹ̀dì onírin, ẹní ìkírun, ìkòkò àlùwàlá, tẹ̀sùbáà lórí pílò. Lára ògiri tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, kàlẹ́ńdà rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Abdulbasit ló wà níbẹ̀, ńlá, bí ilẹ̀kùn àpótí aṣọ, nítorí kò sí ẹgbẹ́ tó máa gbà kí ti ẹgbẹ́ kejì fẹ̀ ju tiwọn lọ. Ááfà ti sọ fún wọn pé máláíkà kì í wọ yàrá tí àwòrán ènìyàn wà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, a gbà pé àwọn máláíkà mọ̀ pé ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ìlà ọkùnrin lórí ìlà ọkùnrin, aṣọ kan náà, fìlà kan náà, awò dúdú lójú gbogbo wọn. Abdulbasit wà ní ìlà kẹta.

Ògúntọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí Màmá. "Màmá, ta ló gbé àwòrán?"

Ọwọ́ òsì Màmá gbéra, ó sì nà tààrà sí kàlẹ́ńdà náà.

Ó bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún nà án síbẹ̀.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà lọ síbẹ̀ tòun ti awò rẹ̀. Kàlẹ́ńdà náà wọ́ díẹ̀, kò fara mọ́ ògiri dáadáa, ara Ògúntọ́lá kò sì gba nǹkan tó wọ́. Ó fi ìka méjì tọ́ ọ. Ó fi awò náà lé ojú Abdulbasit ní ìlà kẹta, ó sì wẹ̀yìn wo Màmá. Màmá ń mi orí. Ó ń fi ọwọ́ òsì lu bẹ́ẹ̀dì, ó tún nà án sí kàlẹ́ńdà, ó tún mi orí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kò rọrùn fún ìyá láti fi ọmọ rẹ̀ hàn," ni Ògúntọ́lá wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Fatihah wà lẹ́nu ọ̀nà. "Sà, ó dà bíi pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń sọ."

"Ìwọ ni ìyàwó rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ kó o sọ?"

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì Yasir kan sáárá sí Ògúntọ́lá bí ẹni pé kò fẹ̀yìn tì, ó fún un ní yàrá, ó sì dúró ti ògiri. Abdulbasit jókòó. Ògúntọ́lá sọ ìtàn òtẹ́ẹ̀lì, ó sọ ti Ibefun, ó sọ ti oníjó tó wà ní ìparí.

Abdulbasit kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn, ẹnikẹ́ni tó bá ń wo ojú rẹ̀ ì bá ti rí i. "Màmá tèmi?" ló wí.  Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà: ó rò pé Màmá ti ba àwòrán náà jẹ́, pé ojú ló tì í.

"Ìyá rẹ ti nawọ́ sí ọ," ni Ògúntọ́lá wí. "Bí kì í bá ṣe ìwọ, Màmá fúnra wọn ni. Kò sí ẹlòmíràn tí ìtìjú yìí kàn. Yasir á gbé wọn wá síbí lówùúrọ̀ ọ̀la kí wọ́n wá fi ọwọ́ òsì wọn fèsì."

"Wọ́n ń ṣe opó, sà. Wọn ò gbọdọ̀ jáde títí á fi pé."

"Òfin ò mọ opó."

Abdulbasit wo Yasir. Yasir náà mùsùlùmí ni, ìyá tirẹ̀ náà ti ṣe opó rí. Yasir wo ilẹ̀.

"Èmi ni," ni Abdulbasit wí. "Mo sun ún."

"Níbo?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Níbi tí a ti ń wi àgbò."

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà wo lẹ fẹ́?"

Ògúntọ́lá ka èyí sí àfojúdi. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu eérú irun àgbò Iléyá sínú ọ̀rá, ó dì í, ó sì gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ tó jinná.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì wọ́n gbé Abdulbasit lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí òun á fi ti ìsinmi dé. Ìsinmi ilé ẹjọ́ máa ń gùn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un, Màmá kò la ẹnu.

*

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ògúntọ́lá pe ìpàdé. Kò sí ìdí fún ìpàdé, ẹjọ́ ti lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó rí ìdí ọ̀ràn kó tó di ọ̀sán Ẹtì gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Yàrá Màmá ló yàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti yọ. Hafeezah jókòó sórí àga. Yasir dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Fatihah wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ife ògì, ó ń fi ṣíbí kan ètè Màmá, ètè náà kò ṣí. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ti yọ. Ó ń wo kàlẹ́ńdà tó ti ń wò látìgbà yìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì nà sí i.

Ògúntọ́lá fẹ̀yìn ti kàlẹ́ńdà, ó bẹ̀rẹ̀ láti Ibefun. Ó sọ bí ẹni tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ kò ṣe lè rí i. Ó sọ bí òun ṣe sún sẹ́yìn. Hafeezah bi í bóyá kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè fi jẹ́ kí Abdulbasit wá fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, àwòrán kò sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ògúntọ́lá ní ó káàánú, ṣùgbọ́n ohun tí òfin ti gbé, òun kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Fatihah gbé ife kalẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún díẹ̀."

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gbé fọ́tò ọkọ mi wá sọ́dọ̀ wọn. Òun ni wọ́n ń nawọ́ sí látijọ́ yìí. Bí wọ́n bá rí ojú rẹ̀ nítòsí, bóyá wọ́n á la ẹnu."

Ó sún. Kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró, ó kàn sún síwájú lọ sí àárín yàrá, ó sì ń ṣàlàyé bí eérú ṣe máa ń pa òórùn mọ́. Ó gbọ́ tí kàlẹ́ńdà dún gbìrìgbìrì lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i tí Hafeezah fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rí i tí ojú Yasir là. Ó rò pé ibi tó dùn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n dé, ó sì gbé ohùn sókè díẹ̀.

Ọwọ́ òsì Màmá, tó wà lókè látìgbà náà, wálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sinmi.

Ìgbà náà ni Ògúntọ́lá tó wẹ̀yìn.

Lára ìṣó tí wọ́n ti yọ kàlẹ́ńdà, nǹkan kan ṣì so rọ̀: pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí fírémù yí ká, wáyà ìkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí ayàwòrán ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ Ṣàngóbíyì sí ní igun. Ẹ̀yìn àwòrán ni. Ìyá tó ń kírun nínú yàrá yẹn ti gbé e wá láti pálọ̀ kí ááfà tó dé, ó ti yí itan wọn sí ògiri bí gbogbo opó tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ á ti ṣe, ó sì ti fi kàlẹ́ńdà bò ó, kó tún gbé e jáde lẹ́yìn fidáù.

Fatihah gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó yí i padà, ó sì gbé e síwájú ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà.

Ó sún mọ́ ọn jù. Tótòtó nìkan ló rí. Ó fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan Yasir lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin mẹ́rin náà sì yọ sí i, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè, èyí tó wà ní ìparí ń rẹ́rìn-ín jù.

"Ẹ lọ mú àbúrò mi wá," ni Hafeezah wí.

Yasir yí fìlà lọ́wọ́. "Ilé ẹjọ́ ti tì, mà. Ó di ìgbà tí adájọ́ bá dé."

Fatihah mú ṣíbí, ó bu ògì, ó gbé e sí ètè Màmá. Ṣíbí náà wà bẹ́ẹ̀, ètè kò ṣí.

Ògúntọ́lá mú awò rẹ̀, ó tún sún mọ́ àwòrán náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò láti igun dé igun. Kò sí ibi kankan tí iná kàn lára rẹ̀.